Ìlédìí Ameen

Kí Alimat tó bi ìyá ọmọ ní ìbéèrè kankan, yóò kọ́kọ́ gbóòórùn ọmọ náà. Yóò gbé e mọ́ra bí ẹni tó fẹ́ kẹ́ ẹ, yóò tẹ orí ba díẹ̀, yóò sì fa imú. Ó ti mọ́ àwọn ìyá tó ń wá sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Kabala Costain lára. Nọ́ọ̀sì Onímú ni wọ́n ń pè é. Wọn kì í pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀.

"Ọmú nìkan ni, nọ́ọ̀sì. Wàláì, ọmú nìkan," ni ìyá kan á wí.

Alimat á mi orí. Á wo inú báàgì tó wà lẹ́sẹ̀ ìyá náà. Bí ó bá rí ṣíbí níbẹ̀, kò ní sọ̀rọ̀. Á fi ìka kàn án bóyá omi ṣì wà lára rẹ̀, á wá gbé ojú sókè. Ọ̀pọ̀ wọn kì í lè dúró de ìbéèrè.

"Omi díẹ̀ ni, nọ́ọ̀sì. Ooru ló mú."

"Ooru mú èmi náà."

Kaduna ni wọ́n bí Alimat sí. Ìlọrin ni bàbá rẹ̀ ti wá, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ ní Kakuri ń wá òṣìṣẹ́ kiri. Nígbà tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ tirẹ̀ pa, wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Bàbá rẹ̀ fọ aṣọ iṣẹ́, ó lọ̀ ọ́, ó fi kọ́ ara ògiri, ó ń retí. Alimat ṣì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nígbà náà. Òun ló kọ́kọ́ sọ nínú ilé pé wọn kò ní ṣí i mọ́. Ìyá rẹ̀ nà án nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Aṣọ náà ṣì wà lára ògiri nígbà tí wọ́n gbé bàbá rẹ̀ lọ sin.

Ó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún un ni kí ó gbé kúlà kọ́ èjìká, kí ó máa lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Mando, kí ó máa kán oògùn àjẹsára rọpárọsẹ̀ sí àwọn ọmọdé lẹ́nu. Ọdún náà le. Àwọn ènìyàn ń sọ pé oògùn náà yóò sọ àwọn ọmọbìnrin wọn di àgàn. Alimat á kan ilẹ̀kùn, obìnrin kan á dáhùn láti inú ilé ní èdè Hausa pé kò sí ọmọ níbẹ̀. Ọmọ á sì ké. Obìnrin náà á ní ológbò ni. Wọ́n fura sí i títí òun náà fi kọ́ ìfura lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó fi kúrò ní Mando, kò gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ tí ilẹ̀kùn bá wà láàárín wọn.

Ó fẹ́ Jàmàlúdéènì, tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Panteka, ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ kò tètè dé. Nígbà tí Ameen wá dé, gbogbo ilé ìwòsàn ló bá Alimat yọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọṣẹ wá, wọ́n kó tówẹ́ẹ̀lì wá, wọ́n sì kó àwọn ìgò kékeré kan sínú báàgì rẹ̀, bí wọ́n ti máa ń ṣe fún nọ́ọ̀sì tó bá bímọ. Ẹnìkan ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó ti ń fún ọmọ lọ́mú. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí àwọn ìyá máa ń jókòó sí. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé ọmú nìkan, kò sí omi, kò sí àgbo, títí ọmọ yóò fi pé oṣù mẹ́fà.

Nígbà tí ìsinmi ìbímọ rẹ̀ parí, ìyá ọkọ rẹ̀, Alhájà Fàósátù, wá láti Ìlọrin kí ó lè máa bá a tọ́jú ọmọ. Lọ́jọ́ tó dé, Alimat kúnlẹ̀ kí i, ó gbé oúnjẹ fún un, ó jẹ́ kí ó jẹun tán. Ó wá sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. N ó máa fún wàrà ọmú mi sílẹ̀ sínú kúlà kí n tó jáde. Òun nìkan ni kí ẹ máa fún un. Kò gbọdọ̀ sí omi. Kò gbọdọ̀ sí àgbo. Hàntú náà, Màmá, kò gbọdọ̀ sí i."

Alhájà wò ó. "Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tí wọ́n kọ sára wàláà, tí wọ́n fi omi fọ̀, ohun tí o ń pè ní hàntú nìyẹn."

"Mo mọ̀, Màmá."

"Òun ni ọkọ rẹ mu dàgbà."

"Mo mọ̀, Màmá."

"Tòò. Mo ti gbọ́."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Alimat kò fẹ́ràn rẹ̀. Bí ó bá ṣe pé Alhájà bá a jà, ọkàn rẹ̀ ìbá balẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń fi bírò fa ìlà sára ìgò wàrà kí ó tó jáde. Ó ń da ife tí wọ́n lè fi fún ọmọ lómi dé sórí àwo, ó ń wò ó bóyá ibi tí etí ife náà kọjú sí ló ṣì kọjú sí nígbà tí òun bá padà dé. Ife náà kì í yẹsẹ̀. Ìyẹn náà tún ń kọ ọ́ lóminú.

*

Wọ́n ní kí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan yan ẹni tí yóò lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní gbọ̀ngàn kan ní Kakuri. Ẹ̀kọ́ náà dá lórí àwọn ohun alààyè tíntìntín tó ń gbé inú ìfun ènìyàn àti ohun tí wọ́n ń ṣe fún ìlera. Wọ́n yan Alimat. Débọ̀, tí wọ́n jọ kọ́ iṣẹ́, náà wá láti ilé ìwòsàn tirẹ̀ ní Mando. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì kan síwájú ilé rẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ń bá a mójú tó. Àwọn méjèèjì jókòó pọ̀ lẹ́yìn, wọ́n ń sọ Yorùbá jẹ́jẹ́ sí ara wọn láàárín àwọn tó ń sọ Hausa.

"Ọmọ Ìlọrin, mo ti mọ ibi tí wọ́n ń lọ," ni Débọ̀ wí. "Lọ́jọ́ ìkẹyìn ni wọ́n máa tú páálí jáde. Bí àwọn tó ń ta tíì tí ń fọ inú ló rí."

"Kí ni wọ́n máa tà?"

"Kòkòrò ni. Wọ́n á ní kí á máa ra kòkòrò."

Alimat bojú wo abẹ́ tábìlì tó wà níwájú. Aṣọ funfun tí wọ́n tẹ́ sórí rẹ̀ balẹ̀. Kò rí nǹkan kan.

Dókítà Morọ́láyọ̀ ló ń kọ́ wọn. Yunifásítì kan ló ti wá. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń sọ̀rọ̀, ó ń bu Hausa mọ́ ọn. Kò fi àwòrán bẹ̀rẹ̀. Ó gbé abọ́ ògì kan sórí tábìlì, ó ṣí i, òórùn rẹ̀ sì dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn.

"Kí ló mú un kan?"

"Ó pẹ́ nínú omi ni," ni ẹnìkan dáhùn.

"Òkúta náà lè pẹ́ nínú omi. Ta ló ṣiṣẹ́ nínú èyí?"

Ó ṣàlàyé pé àwọn ohun alààyè tí ojú kò lè rí ló ń mú ògì kan, àwọn ni wọ́n ń mú wàrà nónò àwọn Fúlàní dì. Ó ní irú wọn pọ̀ lọ jàra nínú ìfun kálukú àwọn tó jókòó síbẹ̀. Àwọn mìíràn ń da oúnjẹ tí ara wa kò lè dá dà. Àwọn mìíràn gba ààyè kí àwọn tó ń fa àrùn má baà rí ibi jókòó. Ó ní ohun kan wà nínú wàrà ọmú tí ọmọ fúnra rẹ̀ kò lè dà. Irú kan nínú àwọn ohun alààyè wọ̀nyí ló ń jẹ ẹ́.

"Ìyá ń bọ́ ọmọ," ni ó wí, "ó sì ń bọ́ àlejò tó wà nínú ọmọ. Àlejò yẹn ló ń mú inú ọmọ kan. Kíkan yẹn kò sì bá púpọ̀ nínú àwọn tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru lára mu."

Alimat na ọwọ́. "Dókítà, láti ìgbà tí a ti wọ iṣẹ́ yìí ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé kí á pa kòkòrò. Ẹ sè é, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ pa á. Lónìí ẹ ní kí á dá wọn sí. Lọ́la ńkọ́?"

Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Dókítà Morọ́láyọ̀ náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ bi mí lọ́la," ni ó wí.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó túká lọ́jọ́ náà, ó ní òun fẹ́ kí ẹnìkan nínú wọn mú ìlédìí ọmọ tó ń mu ọmú nìkan wá, kí ẹlòmíràn mú ti ọmọ tó ń mu wàrà inú agolo wá. Òun ní bébà tí ń yí àwọ̀ bí ó bá kan ohun kíkan. Wọn yóò fi ojú ara wọn rí i.

Gbogbo orí yí sí Alimat.

"Àwòrán ara ògiri," ni Débọ̀ wí lábẹ́lẹ̀, "wọ́n ń pè ọ́. Ṣé o mọ ibi tí wọ́n máa gbé ìgbẹ́ ọmọ ẹ gbà ṣá?"

Alimat dìde. Ó ní òun yóò mú un wá, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yìí ni wọn yóò ti sun ún, lójú òun. Dókítà Morọ́láyọ̀ ní kò burú.

*

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kọ́kọ́ ki bébà bọ inú omi ògì. Ó pọ́n bí ìyeyè, àmì pé ó kan. Wọ́n fi òmíràn kan ìlédìí ọmọ tó ń mu wàrà agolo. Ó di àwọ̀ ewé. Obìnrin tó mú un wá kò janpata. Ó ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí.

Wọ́n wá ṣí ti Ameen. Alimat dúró ti tábìlì pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lẹ́yìn. Bébà náà kan ìlédìí.

Ó di àwọ̀ ewé.

Dókítà Morọ́láyọ̀ mú bébà mìíràn. Àwọ̀ ewé náà ni.

"Bébà yẹn lè ti bàjẹ́," ni Débọ̀ wí sókè, ní Gẹ̀ẹ́sì, kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. Inú rere ni, ṣùgbọ́n kò ràn án lọ́wọ́. Láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ẹnìkan fi èdè Hausa pe orúkọ ìnagijẹ rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí Onímú, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí Alimat gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara rẹ̀. Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn kò rẹ́rìn-ín, wọ́n kàn ń wò ó bí òun ti máa ń wo àwọn ìyá tó ní ṣíbí nínú báàgì.

"Ẹ gbọ́," ni Dókítà Morọ́láyọ̀ wí. "Bébà kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Ohun tó mọ̀ ni bóyá nǹkan jẹ́ kíkan tàbí kò jẹ́ kíkan. Kò mọ ẹni tó fà á. Oríṣiríṣi nǹkan ló lè fà á." Ó yí sí Alimat, ó wá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀. "Ẹ má bínú, ṣé ọmọ náà ti lo oògùn kankan? Oògùn apakòkòrò pàápàá?"

"Rárá," ni Alimat wí.

Ọ̀rọ̀ náà yá lẹ́nu rẹ̀, ó sì gbà á gbọ́. Ife kan tí wọ́n da dé sórí àwo ló ń rò.

Wọ́n sun ìlédìí náà lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ó dúró títí ó fi jóná tán.

*

Ó gba kẹ̀kẹ́ láti Kakuri lọ sílé. Nígbà tó wọlé, Alhájà ń fi òrí pa ọmọ lára lórí ẹní.

"Ẹ kú ilé, Màmá."

"O kú àbọ̀, ìyàwó. O tètè dé."

Ó gbé ọmọ. Ó gbóòórùn rẹ̀. Òrí nìkan ni imú rẹ̀ gbọ́, ó sì rò ó pé bóyá ìdí tí wọ́n fi pa á lára nìyẹn.

Nígbà tí Jàmàlúdéènì dé, tó sì kírun tán, Alimat fà á wọ inú yàrá, ó fa kọ́tìnì, ó sọ fún un. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìgbé ohùn sókè.

"Ṣé o rí i tó ń fún un ní nǹkan?" ni ọkọ rẹ̀ bi í.

"Bébà sọ ọ́."

"Mo ní ṣé ìwọ rí i?"

"Mi ò rí i."

Jàmàlúdéènì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Bí ó bá jẹ́ òótọ́, Màmá á padà sí Ìlọrin. N ó gbé e dé gáréèjì fúnra mi. Ṣùgbọ́n ìyá mi ni. Mi ò lè torí bébà lé ìyá mi. Jẹ́ kí n fojú rí nǹkan kan."

Alimat ní kò burú. Ní ìta, wọ́n gbọ́ tí Alhájà ń kọ orin fún ọmọ. Orin náà dúró fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló tẹ̀ lé e. Kò sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Alhájà ń fọ aṣọ ọmọ lẹ́yìnkùlé, Jàmàlúdéènì ti lọ sí mọ́sálásí, Ameen ń sùn. Alimat wọ yàrá ìyá ọkọ rẹ̀. Kò ṣe é rí. Ó gbọ́ bí omi ti ń dà sínú bàsíà ní ìta, ó mọ̀ pé níwọ̀n ìgbà tí òun bá ṣì ń gbọ́ ọ, àyè wà. Ó gbé ìrọ̀rí sókè. Ó wo ẹ̀yìn àpótí. Lókè kọ́bọ́ọ̀dù, nínú gèlè kan tí wọ́n ká, ọwọ́ rẹ̀ kan ìgò.

Omi dúdú ló wà nínú rẹ̀.

Inú rẹ̀ dùn. Bí inú rẹ̀ ti dùn tó bà á lẹ́rù díẹ̀. Ó gbé ìgò náà jáde, ó gbé e ka orí tábìlì pálọ̀, ó sì jókòó tì í títí ọkọ rẹ̀ fi wọlé.

Jàmàlúdéènì rí ìgò náà kí ó tó bọ́ bàtà. "Màmá," ni ó pè.

Alhájà wọlé pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Ó wo tábìlì. Ó wo Alimat. Ó fi etí ìró nu ọwọ́ rẹ̀, kò kánjú.

"Ẹ ti rí i," ni ó wí.

"Kí ló wà nínú rẹ̀, Màmá?" ni Alimat bi í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀.

"Hàntú ni. Ààfáà wa ló fi rán mi sí ọmọ."

"Ẹ sì ń fún un."

"Wo ẹnu ìgò náà."

Ọ̀rá ni wọ́n fi bo ẹnu ìgò náà, wọ́n sì fi òwú pupa dì í yíká, wọ́n ta á ní kókó. Eruku ti dì mọ́ kókó náà. Òwú ti jẹ ọ̀rá wọlé bí ó ti wà láti Ìlọrin. Omi náà sì kún dé ọrùn ìgò. Jàmàlúdéènì gbé e sókè, ó yí i, ó sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Wọn ò tú u rí."

Alimat gbà á. Ó wá àmì kan. Ó gbìyànjú láti ki èékánná bọ kókó náà, kò wọlé.

"O ní kí n má fún un," ni Alhájà wí. "Mo sọ fún ẹ pé mo ti gbọ́. Kí lo rò pé mo gbọ́?"

Alhájà wọ yàrá rẹ̀. Nígbà tó jáde, ó di nǹkan sí ìṣẹ́tí ìró. Ó tú u sórí tábìlì. Àwọn ìgò kékeré yí gbirigbiri, ọ̀kan ṣubú sílẹ̀. Gbogbo wọn ló ti ṣófo.

"Tèmi nìyẹn. Tìrẹ wá ńkọ́?"

"Kí nìyí?" ni Jàmàlúdéènì bèèrè.

"Bi ìyàwó rẹ. Inú ìdọ̀tí ni mo ti ń ṣà wọ́n. Ó máa ń fi bébà wé wọn kí ó tó sọ wọ́n nù. Wọ́n dá abẹ́ fún ọmọ, ó fún un. Ọmọ wúkọ́, ó fún un. Itọ́ dà lẹ́nu ọmọ, ó tún fún un. Mo ní kí ló ń ṣe ọmọ yìí tí wọn ò fẹ́ kí n mọ̀? Mo ní bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mo ti sin Najeeb. Mo mọ bí ìgò ti máa ń pọ̀ nínú ilé."

Najeeb ni àbúrò Jàmàlúdéènì. Àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ ló pa á ní kékeré. Jàmàlúdéènì kì í dárúkọ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ìgò tó ṣubú.

"Ìyẹn kì í ṣe oògùn, Màmá," ni Alimat wí. "Ká lè dáàbò bò ó ni."

Bí ó ti sọ ọ́ tán ló gbọ́ ohun tó sọ.

Ọkọ rẹ̀ gbé ìgò náà sún mọ́ ojú. "Kí ni wọ́n kọ sára rẹ̀?"

Kò nílò kí ó kà á. Oògùn apakòkòrò ni. Ọwọ́ rẹ̀ ni àìmọye ìyá ti gbà á fún àìsàn tòótọ́, òun náà á sì kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má lò ó kọjá bí wọ́n ti ní kí wọ́n lò ó. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú báàgì nọ́ọ̀sì tó bímọ kò rí bẹ́ẹ̀ lójú àwọn nọ́ọ̀sì. Bí ọṣẹ ni. Bí tówẹ́ẹ̀lì ni. Ẹnikẹ́ni kò kà á mọ́ oògùn. Dókítà bi í léèrè, ó ní rárá, kò sì purọ́ lọ́kàn ara rẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?" ni Alhájà wí.

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dára, Màmá. A ti yẹ̀ ẹ́ wò."

"Búra."

"Wàláì, Màmá."

Alhájà ń wo ẹnu tó búra náà.

"Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ lẹ́yìn kọ́tìnì," ni ó wí. "Mo ti di ẹrù mi. Bí aṣọ ọmọ bá gbẹ, ẹ kó o wọlé."

Jàmàlúdéènì wo ìyàwó rẹ̀. Ó ti fojú rí ohun tó ní òun fẹ́ rí, kì í ṣe ohun tó rò ni.

Alimat kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ má lọ."

"Nítorí kí ni? Kí n lè máa tọ́jú ọmọ, àbí kí o lè máa ṣọ́ mi?"

Ó yẹ kí ó tètè dáhùn. Ó kọ́kọ́ wo ìgò hàntú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Méjèèjì, Màmá," ni ó wí níkẹyìn.

Alhájà Fàósátù bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tó ti dé Kaduna, wọn kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ báyìí. "Hàbà! Ó dáa. Ọmọ tó ń sọ òótọ́ nìyí. Èmi náà á máa ṣọ́ ẹ."

Ó gba ìgò hàntú lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì padà lọ fọ aṣọ.

*

Lọ́jọ́ ìkẹyìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́, Alimat rìn lọ síwájú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ó kó àwọn ìgò kékeré náà lé orí tábìlì.

"Dókítà, ẹ bi mí ní ìbéèrè kan lọ́jọ́sí. Mo ní rárá. Bẹ́ẹ̀ ni ló yẹ kí n sọ."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan ní ìlà iwájú fa báàgì rẹ̀ mọ́ra, ó pa á dé. Láti ẹ̀yìn, Débọ̀ na ọrùn.

"Ìyẹn náà," ni ó bèèrè, "oògùn ni?"

Òun náà ń tà á. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ mọ̀.

Dókítà Morọ́láyọ̀ kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní oògùn náà ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ọmọ là, òun kò ní kí wọ́n kó o dànù. Bí àìsàn bá pè é, kí wọ́n lò ó. Ṣùgbọ́n bí ó bá wọ inú ìfun, kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí àlejò. Ó ní òun kò lè dúró níbẹ̀ kí òun búra pé oògùn náà ló mú bébà Ameen di àwọ̀ ewé. Ó lè jẹ́ òun. Ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn.

"Ẹ máa bèèrè," ni ó wí. "Ẹ má sì bèèrè oògùn nìkan. Ẹ bèèrè ohun tí ẹni náà kò kà sí oògùn."

Nígbà tí wọ́n ń túká, Débọ̀ gbé etí aṣọ funfun tó wà lórí tábìlì sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀. Kò sí páálí níbẹ̀.

"Lọ́dún tó ń bọ̀ ni wọ́n máa kó o wá," ni ó wí.

*

Fọ́tò náà ṣì wà lára ògiri ní Kabala Costain. Alimat kò yọ ọ́. Ó ṣì máa ń gbóòórùn ọmọ, ó ṣì ń wo inú báàgì. Ṣùgbọ́n ó ní ìbéèrè mìíràn báyìí.

"Ṣé ọmọ ti lo oògùn kankan?"

"Rárá, nọ́ọ̀sì."

"Ìgò kékeré ńkọ́? Èyí tí wọ́n rà ní kẹ́mísì, ká lè dáàbò bò ó?"

Àwọn ìyá á fa ọmọ mọ́ra. Wọ́n á wò ó bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ wọn. Àwọn nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà á wò ó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bímọ, Alimat gbé ọṣẹ àti tówẹ́ẹ̀lì lọ kí i. Ó rí i pé wọ́n ń fi nǹkan pa mọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí nígbà tí òun wọlé.

Dókítà Morọ́láyọ̀ ti fún un ní bébà díẹ̀ mú lọ sílé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó fi ọ̀kan nínú wọn kan ìlédìí Ameen lẹ́yìnkùlé, lójú Alhájà. Alhájà kọ́kọ́ gbóòórùn ìlédìí náà fúnra rẹ̀. Bébà náà kò pọ́n tán, kò sì ṣe àwọ̀ ewé tán.

"Kí ló wí?"

"Ó jọ pé àwọn àlejò inú rẹ̀ ti ń padà bọ̀, Màmá."

"Bí ó bá tún ń parọ́ ńkọ́?"

Alimat ká bébà náà, ó jù ú nù.

Ìgò hàntú ti kúrò lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀gbẹ́ rédíò ní pálọ̀ ni Alhájà gbé e sí, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i, títí ọmọ yóò fi pé oṣù mẹ́fà. Láràárọ̀, bí Alimat bá múra iṣẹ́ tán, ojú rẹ̀ á lọ sí kókó òwú pupa náà. Ojú Alhájà á lọ sí báàgì rẹ̀. Alimat á ṣí báàgì náà díẹ̀, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́, kí Alhájà lè rí inú rẹ̀.

"Ó dàbọ̀, Màmá."

"Ọlọ́run á sọ ọ́ padà wá, ìyàwó."